Ọ̀lawọ́

Ní Quemchi, ní erékùṣù Chiloé, níbi tí òjò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé,
ọ̀lawọ́ ni wọ́n ń pe Nicanor ọkọ mi.
Bó bá kan ọkọ̀ ojú omi tán,
á fi ìṣó tó ṣẹ́kù ta aládùúgbò lọ́rẹ,
á fi àjákù pátákó tún fèrèsé opó ṣe,
á sì gbàgbé láti gbowó.
Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá a jà lórí ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
bí aṣọ fèrèsé tí ìṣó kan ti yọ lára rẹ̀.
Rọpárọsẹ̀.
Ẹsẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ padà, díẹ̀díẹ̀,
ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ká jọ sáyà,
ìka mẹ́rin pa àtàǹpàkò mọ́
bí ẹni di owó mú tí kò fẹ́ kí ará ilé rí i.
Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo ní:
Nicanor, ìwọ náà ló wá di ahun yìí?

Yasna a máa wọ ọkọ̀ ojú omi wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì,
bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, àpò ńlá léjìká.
Ó ní, "Ọwọ́ kò kú. Ọpọlọ ló gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀.
Ọ̀nà tí a kò rìn, koríko á bò ó."
Ó gbé dígí sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ aláìsàn pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.
Òsì ṣí, òsì pa dé;
nínú dígí, ọ̀tún ṣí, ọ̀tún pa dé.
"Irọ́ ni," Nicanor wí.
"Irọ́ ni," Yasna gbà, "ṣùgbọ́n ọpọlọ ń gbọ́. Tún un ṣe."

Lẹ́yìn náà ló ní kí n hun ìbọ̀wọ́ olówùú nípọn.
Mo rò pé ti ọwọ́ aláìsàn ni.
Ọwọ́ tó le ló wọ̀ ọ́ fún, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́,
kí èyí tó ń ṣọ̀lẹ máa wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.
Mo ń wo ọkọ mi bó ṣe ń lé hóró ẹ̀wà kan ká inú àwo.
Mo na ọwọ́ sí ṣíbí. Yasna wò mí.
Mo jáde sínú òjò, mo lọ la igi tí a kò nílò.

Ìkọ́ tí a fi ń há aṣọ, kó fi wọ́n há ẹnu agolo:
mo ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé.
Méjì. Méjì. Òfo. Mẹ́rin. Òfo.
Lọ́jọ́ òfo kejì ó fi òsì ju agolo lu ògiri,
tòun ti ìbọ̀wọ́.

Mo ti rò pé dídì í mú ló le. Rárá o.
Nígbà tí yìnyín fi dé, ó ti ń di ife mú,
ṣùgbọ́n ife kò kúrò níbẹ̀ mọ́.
Tíì á tutù, ìka á le bí gbòǹgbò,
èmi á jókòó tì í, èmi á máa bẹ ọwọ́:
jọ̀wọ́. Jọ̀wọ́ rẹ̀. Jọ̀wọ́.
Èmi gan-an kò mọ̀ mọ́ bóyá ẹ̀bẹ̀ ni tàbí àṣẹ.

Lánàá, Ailén ọmọ aládùúgbò wá dá ayùn padà.
Nicanor ń fi pòtétò kan ṣe eré ìdárayá rẹ̀.
Ọmọ náà rò pé òun ló fẹ́ fún. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀.
Ó dúró.
Omi tí mo gbé kaná hó, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ṣì dúró.
Ìka ọmọdìnrín ló kọ́kọ́ yẹ̀,
lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé e,
bí òkun ṣe ń fi etí iyanrìn sílẹ̀, tí o kò ní rí ìgbà tó kúrò.
Pòtétò já bọ́.
"Ẹ ṣé, bàbá," ó sì sáré lọ.

Òun nìkan ni èyí tó dára tó kù nínú agbọ̀n,
òun ni mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ alẹ́.
Mi ò sọ fún un.